Ẹ Bi Wá Ká Dáhùn: Orógùn, Ṣíbí Onígi àti Pákó Ìgẹ́ran Tí Yóò Tọ́jọ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ohun èlò ilé ìdáná tí a fi igi gbẹ́ pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. A ti ṣa àwọn tí ìdáhùn wọn yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, a gé wọn kúrú, a kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ni mò ń tà ní Mọ́kọ́lá, àmàlà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi sì máa ń béèrè. Orógùn tí mo ń rà kì í pẹ́ rárá. Ọrùn ni ó máa ń kán sí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti pàdé ojú pẹlẹbẹ tó ń wọ inú ìkòkò. Èyí tó kán gbẹ̀yìn nípọn dáadáa, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé ìrókò ni. Ṣé kò sí orógùn gidi mọ́ ni? (Ìyá olóúnjẹ, Mọ́kọ́lá)*

Ìyá wa, ẹ kú ìdáná o. Kí ẹ tó di ẹ̀bi náà ru ìrókò, ẹ kó apá méjèèjì orógùn tó kán náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì wo ojú ibi tó ti kán dáadáa. Bí ojú náà bá rí wúruwùru, tí fọ́nrán igi gígùn gígùn yọ síta lára rẹ̀, ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ ló ṣẹ́ ẹ, ẹ sì nílò èyí tó nípọn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú ibẹ̀ bá dán, tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, a jẹ́ pé ńṣe ni orógùn náà là, kì í ṣe pé ó ṣẹ́, nínípọn kò sì lè ran irú rẹ̀ lọ́wọ́. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, mo fura pé èyí kejì yìí ni tiyín.

Fọ́nrán tín-ín-rín tó gùn láti ìdí igi lọ sí òkè ni ó so pọ̀ mọ́ ara wọn tó di igi. Láti já àwọn fọ́nrán náà ní ìdábùú gba agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n láti là wọ́n kúrò lára ara wọn kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi lè fi àáké la igi ìdáná tí àgbàlagbà kò lè fi ọwọ́ ṣẹ́. Orógùn tí fọ́nrán rẹ̀ bá gùn láti ìdí ọwọ́ títí dé etí ojú rẹ̀ yóò máa fi gbogbo fọ́nrán gbé ẹrù. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ bá gba ọrùn kọjá ní ìdábùú, àlàfo tó wà láàárín fọ́nrán kan sí èkejì ni ó fi ń gbé ẹrù, àlàfo náà ni yóò sì là. Ẹrù ọ̀hún kò kéré: nígbà tí ẹ bá ń ro ìkòkò àmàlà tí ogún ènìyàn yóò jẹ, tí ọkà ti le, tí ó dì mọ́ ojú orógùn, ọwọ́ kan ń fà, ọwọ́ kejì ń tì, ọrùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń já lé.

Báwo ni orógùn ṣe ń dé ọjà pẹ̀lú irú ọrùn bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ni wọ́n fi ayùn gé láti ara ìgékù pákó. Wọ́n á gbé orógùn kan lé pákó, wọ́n á fi pẹ́ńsù yí i po, wọ́n á sì gé e bẹ́ẹ̀, yálà fọ́nrán pákó náà tọ́ ni o, yálà ó wọ́ ni o. Ayùn kì í bi igi léèrè ibi tí fọ́nrán rẹ̀ kọjú sí. Ẹni tó ń fi àáké la ìtì igi kí ó tó gbẹ́ ẹ kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí bó tilẹ̀ fẹ́, nítorí pé ibi tí fọ́nrán bá tọ̀ ni igi máa ń là gbà. Bí ẹ bá rí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣì ń la igi rẹ̀ kí ó tó gbẹ́ ẹ, ẹ di oníbàárà rẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá lé díẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ má wo iwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo etí ọrùn náà. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára igi gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́, kí wọ́n gba ọrùn, kí wọ́n sì wọ inú ojú orógùn láìyà síta lójú ọ̀nà. Bí ìlà náà kò bá hàn, ẹ kán yíǹkì tàbí omi tíì tó dúdú síbi tí kò ṣe pàtàkì lára rẹ̀: ọ̀nà tí ó bá sàn gbà ni fọ́nrán náà tọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí ó máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ́ sí ojú orógùn. Bí igun ṣóńṣó bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì yẹra fún èyí tí kókó igi wà ní ọrùn rẹ̀. Fún ìkòkò ńlá bíi tiyín, n kò ní gba orógùn tí ọrùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ti inú ilé lè jẹ́ 2.

Ní ti ìbúra oníṣòwò náà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi kékeré kan lára igi tó kán yẹn. Ara ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha máa ń pọ́n bí ìyeyè, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tó bá yá. Bí ẹ bá ha á tí ẹ rí igi funfun tó fúyẹ́ lábẹ́ àwọ̀ dúdú, arère tí wọ́n pa láró ni wọ́n tà fún yín.

*Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ni mí ní Apẹ̀tẹ̀, mo sì fẹ́ máa gbẹ́ ṣíbí àti orógùn tà ní tèmi. Mo máa ń rí ìgékù ìrókò àti apá gbà ní ìsọ̀ pákó Bódìjà, ẹnìkan sì fẹ́ fún mi ní pákó òrùlé ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó. Èwo ló dára jù? Bí mo bá ń fi sáńpépà yọ́ ìrókò, ikọ́ máa ń mú mi, imú mi á sì máa yún mi. (Ọmọ iṣẹ́, Apẹ̀tẹ̀)*

Ẹ jẹ́ ká ti orí pákó òrùlé bẹ̀rẹ̀: ẹ má gbà á. Ọ̀pọ̀ igi òrùlé ni wọ́n ti fi oògùn ikán kùn kí wọ́n tó kàn án, oògùn tó wà láti pa ohun alààyè kò sì ní ibi tó yẹ kó bá ọbẹ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó tí àwọn bíríkìlà fi da kọnkéré, tí wọ́n ti fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa lára, àti pákó àtijọ́ tó ní ọ̀dà lára, nítorí òjé tó máa ń wà nínú ọ̀dà ayé ìjọ́un. Fífọ̀ àti fífá kò lè mú ohun tó ti wọ inú igi kúrò. Igi yòówù tí àwọn àgbà bá sọ pé èèpo tàbí oje rẹ̀ jẹ́ májèlé, ẹ má fi gbẹ́ ohun tí a ó fi jẹun.

Ìrókò àti apá dára fún orógùn. Ìrókò tó gbẹ máa ń wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 640 bí a bá kó o jọ tó mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Apá máa ń tó nǹkan bíi 800, arère kò sì ju nǹkan bíi 380 lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ọwọ́ yín ń mọ̀ nígbà tí ẹ bá gbé wọn wò. Arère rọrùn láti gbẹ́, ó sì wúlò fún ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n etí ìkòkò yóò jẹ ojú orógùn arère láìpẹ́. Igi gmelina tí wọ́n gbìn lọ súà nínú igbó ìjọba ní Gambari, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, le díẹ̀ ju arère lọ, ṣùgbọ́n n kò kà á kún igi orógùn. Tíìkì tọ́jọ́, àmọ́ ó máa ń mú kí irin iṣẹ́ kújú, nítorí ohun kan tó dà bí iyanrìn tó wà nínú ara rẹ̀. Ìrókò náà ní ìwà tirẹ̀: nígbà mìíràn, òkúta líle máa ń wà ní àárín rẹ̀, ayùn tó bá sì kọlù ú yóò mọ̀.

Fún ṣíbí, èrò tèmi yàtọ̀. Ìrókò àti apá ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí ojú lè rí, omi ọbẹ̀ sì máa ń wọnú wọn. Igi ọsàn àti igi gúáfà ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n le, wọ́n wúwo, ihò ara wọn kéré débi pé ojú wọn máa ń dán bí a bá yọ́ ọ dáadáa, wọn kì í sì í ba adùn oúnjẹ jẹ́. Ẹ kò ní rí wọn ní ìsọ̀ pákó, nítorí pé wọn kì í tóbi tó ohun tí wọ́n ń là ní ibi ìlagẹdú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ka ọsàn ládùúgbò yín, ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fi dáná. Àwọn ará Òkè-Ògùn yóò sọ fún yín pé igi òrí ju gbogbo wọn lọ fún odó àti ọmọ odó, òótọ́ sì ni pé ó le gan-an; ṣùgbọ́n igi tó ń so èso tí a ń fún òrí lára rẹ̀ lọ́dọọdún kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a máa gé lulẹ̀ nítorí ọmọ odó.

Bí ẹ bá gba ẹ̀ka tútù, ẹ là á sí méjì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gbẹ́ ojú àárín gbùngbùn rẹ̀ dànù, ìyẹn ibi kékeré tí gbogbo òrùka igi yí ká. Ṣíbí tí ojú yẹn bá wà nínú rẹ̀ yóò sán. Ẹ lè gbẹ́ ṣíbí náà ní tútù, nítorí pé igi tútù rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ nínípọn díẹ̀, kí ẹ fi ìda kun orí méjèèjì tí fọ́nrán ti là sí gbangba, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń tètè jáde jù, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí òjìji wà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn.

Igi kì í bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì títí omi inú rẹ̀ yóò fi dín sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ pátápátá. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo omi tó bá jáde ń fà á ní ìbú, bẹ́ẹ̀ ni gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí omi bá ṣì ju ìdá 20 lọ nínú rẹ̀, ó lè bu, ó sì lè jẹrà. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ṣíbí náà sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀n náà kò bá dín mọ́ ni ó gbẹ. Ẹ rántí pé gbígbẹ ìgbà òjò ní Ìbàdàn kì í ṣe gbígbẹ ìgbà ọyẹ́: ohun tí ẹ parí ní oṣù Keje lè sán ní oṣù Kìn-ín-ní bí ẹ kò bá fún un láyè láti gbẹ kọjá bẹ́ẹ̀.

Sáńpépà nọ́ńbà 80 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lọ sí 120, 180, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí 240. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi pa ṣíbí náà lára, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ojú rẹ̀ yóò tún rí ṣákiṣàki, nítorí pé omi á mú àwọn fọ́nrán kéékèèké dìde. Ẹ tún yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì ní dìde bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tó bá bọ́ sínú ọbẹ̀. Ewé ìpín tí àwọn àgbà fi ń yọ́ igbá àti ère ṣì ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa ní ìparí, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ikọ́ àti imú yíyún yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ kàn rò lásán. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò máa ń bínú sí imú, ojú, ara àti ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti apá náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bo imú àti ẹnu pẹ̀lú ìbòmú tó dì mọ́ ojú dáadáa, ẹ máa yọ́ igi ní ìta, kí ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti oúnjẹ. Bí mímí bá ń nira fún yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì fi ìrókò sílẹ̀ pátápátá. Irú ara bẹ́ẹ̀ kì í sábà mọ́ ọn lára, ńṣe ni ó máa ń le sí i. Fún ìyókù ohun tó jẹ mọ́ igi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Apẹ̀tẹ̀ kò jìnnà sí FRIN ní Jẹ́ríkò, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1954, àti ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa igbó tó wà níbẹ̀, tí ó ti wà láti 1939.

*Ṣíbí onígi tí mo rà ní ọjà ń rùn bí òróró tó ti bàjẹ́. Ẹni tó tà á ní kí n máa fi òróró ẹ̀pà pa á kó lè tọ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní fánísì ló dára jù. (Abilékọ kan, Òkè-Àdó)*

Òróró ẹ̀pà tó ń bàjẹ́ nínú igi ni ẹ ń gbóòórùn rẹ̀. Òróró ẹ̀pà àti epo pupa kì í gbẹ. Wọ́n á kàn wà nínú igi títí afẹ́fẹ́ yóò fi bà wọ́n jẹ́. Òrí àti àdín náà kì í gbẹ. Òróró tó máa ń gbẹ ni linseed àti tung: wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, wọn á sì dì sínú igi. Linseed tí wọ́n kò po nǹkan mọ́ ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn akunlé pé ó ti jinná, nítorí irin tí wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀ kó lè tètè gbẹ. Ẹ fi aṣọ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nu èyí tó kù lójú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aṣọ tí ẹ fi kùn ún kò gbọ́dọ̀ di ìwọ́njọ sí igun ilé: ooru tó ń ti inú linseed jáde bó ṣe ń gbẹ lè dáná sun aṣọ náà láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ìda oyin dára fún àwo àti pákó, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi àmàlà sì ń hó ní 100. Nítorí náà, ẹ fi orógùn sílẹ̀ láìkun nǹkan kan. Igi dáadáa tí a ti fi sáńpépà yọ́ dán kò nílò rẹ̀. Ní ti fánísì, yóò dán fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀.

*Odó tuntun tí mo rà ti sán láti ẹnu wá sí ìdí. (Ìyá àgbà, Òjé)*

Odindi igi ni odó, àárín gbùngbùn igi sì wà nínú rẹ̀. Bí igi bá ń gbẹ, yíyí òrùka rẹ̀ ká máa ń sún kì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ọ̀nà tó lọ tààrà láti àárín sí èèpo, òde sì máa ń gbẹ ṣáájú inú. Ibì kan gbọ́dọ̀ là. Bí ó bá jẹ́ lójú òde nìkan, ẹ gbé e kúrò lóòrùn, kí ẹ máa lò ó lọ. Bí ó bá ti wọ inú, ẹ má fi gáàmù dí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

*Ẹnìkan sọ fún wa ní ilé ìwé pé pákó ìgẹ́ran dọ̀tí, pé kí gbogbo ilé ra oníke. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkọ́, Mọ̀nìyà)*

Ìwádìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é. Ní àwọn ọdún 1990, Dean Cliver àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó kòkòrò àìfojúrí sójú pákó àti sójú oníke. Wọ́n rí i pé èyí tó wà lójú pákó máa ń rì sínú igi, kì í pọ̀ sí i níbẹ̀, ó sì máa ń kú díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oníke tí ọ̀bẹ ti ha ojú rẹ̀ ṣòro láti fi ọwọ́ fọ̀ mọ́. Ìyẹn kò ní kí ẹ má fọ pákó yín. Ọṣẹ, omi gbígbóná àti kànrìnkàn lẹ́yìn ẹran tútù, kíákíá, ní ojú méjèèjì, nítorí pé ojú kan tó rẹ nígbà tí èkejì gbẹ ló ń mú pákó wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró kí afẹ́fẹ́ lè yí i ká. Ohun tó ń pa ohun èlò onígi lọ́pọ̀ ilé wa ni kí a rẹ ẹ́ sínú bàsíà omi láti alẹ́ di àárọ̀. Ẹ ya pákó ẹran sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì pẹ̀lú.

*Mo rí ihò kéékèèké lára ìgbákọ onígi tí mo jogún, lẹ́búlẹ́bú funfun sì ń jábọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ikán ni? (Bàbá kan, Bẹ́ẹ̀rẹ̀)*

Bàbá, kì í ṣe ikán. Kòkòrò kékeré kan ni ó ń jẹ ohun tó dà bí ẹ̀lùbọ́ tó wà nínú apá funfun igi, èyí tó wà lábẹ́ èèpo. Ọkàn igi tó dúdú kì í sábà wù ú jẹ. Ẹ gbé ìgbákọ náà kúrò láàárín àwọn ohun èlò onígi yòókù, kí ẹ sè é nínú omi tó ń hó títí ooru yóò fi dé inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú òjìji. Ó lè wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn sísè náà. Ẹ gbé e lé bébà dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí bébà náà bá mọ́, ẹ lè máa lò ó; bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá tún jábọ́ sórí rẹ̀, ẹ tún un sè.